Ìwé Tí Kò Jẹ́ Ká Dákẹ́

Ìwé méje la kà tán nílé wa ní Mamu lọ́dún tó kọjá. Kíkà sókè ni o, kì í ṣe pé kálukú gbé tiẹ̀ wọ yàrá lọ. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, a ní kí oníkálùkù dárúkọ èyí tó fẹ́ràn jù, àbọ̀ tó sì jáde yà wá lẹ́nu díẹ̀. Èdè tó ta kókó jù kọ́ ló gbé ìwé kankan síwájú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oríyìn tí àwọn tíṣà ti ń fún un láti ilé ìwé girama. Àwọn ìwé tó ṣáájú ni àwọn tí ènìyàn ò lè jókòó tì kó má dá sí i. Lójú tiwa, etí àti ẹnu la fi ń dá ìwé ìtàn Yorùbá tó dára mọ̀. Nínú ilé tiwa ẹ̀wẹ̀, ẹnu àwọn obìnrin ló ṣe ìdájọ́ tó le jù, ó sì di ohun tí a ṣì ń fà títí di òní.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn rí á ti kọjá lára wa láìmọ̀. Bí ẹ bá ti fi Orù àti Àwà sílẹ̀, tí igi kòkó àti igi obì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju ilé lọ, ẹ ti ń dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Àwa méje la máa ń jókòó: Màmá Àgbà, tí kò lo ju ọdún méjì lọ nílé ìwé, Bàbá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìyá wa, tó ń ta obì, àwa tọkọtaya, tí ọ̀kan ń kọ sọ́fítíwíà, tí èkejì ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ékòó, tí a sì ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, àti àwọn ọmọ wa méjì tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí wa, ọkùnrin ọmọ ọdún 14, obìnrin ọmọ ọdún 11. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń kà, lẹ́yìn oúnjẹ. Òfin kan ṣoṣo la ṣe: ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè dá òǹkàwé dúró nígbàkúùgbà. Àwọn ọmọ ní kí á máa nawọ́ sókè bíi ti kíláàsì. Màmá Àgbà ní òun ò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tí òun bá wọn kọ́.

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ìjọba ló pàṣẹ. Ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà gbé e jáde. Ẹ̀dà tí Bàbá wa ní ti gbó, àkọtọ́ àtijọ́ ló sì wà nínú rẹ̀: "nwọn" dípò "wọ́n", "aiye" dípò "ayé". Ọmọ wa ọkùnrin bá a jà fún bí ojú ewé mẹ́ta, ó ń béèrè pé ta ló ń pe "n" tó wà níwájú yẹn. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára, kò tiẹ̀ rí "n" náà mọ́.

Ohun tí a ò fura sí nígbà tí à ń ka ìwé yìí fún ìdánwò ni pé ìwé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìjókòó ìtàn. Àkàrà-oògùn, àgbà ọdẹ, ló wá bá òǹkọ̀wé nílé, tó ní kó máa kọ ohun tí òun fẹ́ sọ sílẹ̀. Ó sọ ti ọjọ́ kìíní, ó dìde, ó lọ. Nígbà tó fi máa padà wá, èrò ti gbọ́, wọ́n ti ń rọ́ wá gbọ́ ìyókù. Ẹ ò rí nǹkan! Láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni Fágúnwà ti fi yé wa bó ṣe fẹ́ ká máa lo ìwé òun: kí ẹnì kan máa sọ ọ́, kí àwọn yòókù yí i ká, kí wọ́n máa dá sí i. Àwa la gbé e wọ inú kíláàsì, tí a sọ ọ́ di "dárúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn márùn-ún, máàkì mẹ́wàá."

Tí ẹ bá kà á sókè, ẹ máa rí i pé ibi tí ojú máa ń fò, etí kì í fò ó. Bí Fágúnwà bá bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, tó ń fi àfiwé mẹ́rin ti ara wọn lẹ́sẹ̀, ẹni tó ń dá kà nínú yàrá á ní ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lẹ́nu Bàbá wa, ìlù ni. Màmá Àgbà máa ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí Agbákò jáde pẹ̀lú ojú mẹ́rìndínlógún, ọmọbìnrin wa mú bírò, ó ya orí rẹ̀ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀, ó sì ń bi wá bóyá ojú mẹ́jọ ló wà níwájú tí mẹ́jọ wà lẹ́yìn. Ìjiyàn yẹn gba ogún ìṣẹ́jú.

Ibi tí oorun ti gbé wa ni ilé Ìrágbéje. Ọjọ́ méje gbáko ni bàbá ọlọ́gbọ́n yìí fi ń gba àwọn ọdẹ níyànjú. Bàbá wa gbè é lẹ́yìn, ó ní ìwé ọmọ ilé ìwé ni, pé lásìkò yẹn ta ló máa tẹ ìwé Yorùbá tí kò kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlàyé ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí kò sọ ọ́ di dídùn. Ìmọ̀ràn Ìrágbéje kò gba èsì. Ó ń sọ ọ́, wọ́n ń mi orí. Àwa náà mi orí, títí orí fi tẹ̀ sí àyà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà ni ti Kàkó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé náà á rántí: Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn ń ṣe ìgbéyàwó lọ́wọ́ nígbà tí ìpè ìrìnàjò Òkè Láńgbòdó kàn án. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kàkó pa á, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin wa ló ń kàwé lọ́jọ́ náà. Ó ka gbólóhùn náà tán, ó gbé ìwé lé orí tábìlì, ó ní, "Ṣé wọn ò ní padà ni?"

Màmá Àgbà ló dá a lóhùn: "Wọn ò ní padà, ọmọ ọmọ mi. Ìrìnàjò ọkùnrin ni."

A ò ka nǹkankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá wa ní ìtàn akọni ni, pé ìtàn akọni ò ṣe é fi òfin ilé ẹjọ́ wọ̀n, àti pé òǹkọ̀wé lè fẹ́ ká rí bí ẹni tó ń wá òkìkí ṣe máa ń le tó. Ìyá wa ní bóyá. Ó ní ṣùgbọ́n kí á kà á padà sẹ́yìn: ìyá Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀, àjẹ́ ni wọ́n pè é, ọkọ rẹ̀ pa á nígbà tó di àgbọ̀nrín. Ìyá kan kú kí ìrìnàjò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìyàwó kan kú kó tó lè tẹ̀ síwájú. "Ẹ ẹ̀ rí i pé òkú obìnrin ni wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà igbó náà?"

A ti gbọ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn yin Fágúnwà, a sì ti ka lára àwọn àlàyé tí wọ́n kọ lórí bó ṣe da ìtàn ọdẹ, àlọ́ àti ìwàásù pọ̀. A ò tíì ka èyí tó sọ ọ́ bí Ìyá wa ṣe sọ ọ́, láàárín àpò obì méjì. Ìdájọ́ wa nìyí: Ògbójú Ọdẹ jẹ́ ìwé tí èdè rẹ̀ tóbi ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ gba gbogbo ayé, ẹranko, iwin, ọba, òkè. Ó ní ọjọ́ méje láti gbọ́ ti Ìrágbéje. Fún obìnrin tó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ìrìnàjò ò dúró. Síbẹ̀, òun la sọ̀rọ̀ lé lórí jù ní gbogbo ìdajì àkọ́kọ́ ọdún náà. Kì í ṣe ohun kékeré ni kí ìwé tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún máa da ilé rú.

Lẹ́yìn ìyẹn, a nílò ohun tó fúyẹ́. A gbé Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ lọ́dún 1969. Lápàdé, sájẹ́ńtì ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń sọ fún yín pé ìwé Yorùbá máa ń sú òun, ẹ má bá a jiyàn, ẹ fún un ní Òkédìjí. Ọmọkùnrin wa gbé e sùn. Ó ti kà á parí kí a tó dé ìdajì, ó wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó kàn, àfi pé ó máa ń rẹ́rìn-ín ṣáájú kí ọ̀rọ̀ àwàdà tó jáde.

Ohun tó wù wá níbẹ̀ ni bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń lo òwe. Àwa tí a dàgbà sórí fíìmù mọ òwe gẹ́gẹ́ bí ohun tí bàbá arúgbó ń sọ lórí àga, tí orin á sì tẹ̀ lé e. Òwe àwọn ará ibí yìí, ohun ìjà ni. Wọ́n ń fi gún ara wọn, wọ́n ń yí i po, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ ẹ, ẹlòmíràn á parí ẹ síbi tí ẹni àkọ́kọ́ ò fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní gáréèjì nìyẹn, bí à ń ṣe tẹ ara wa lórí WhatsApp náà nìyẹn. Ayé ọkùnrin ni ìwé náà, kò purọ́ pé òun jẹ́ nǹkan mìíràn. Ìyá wa gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ ohunkóhun. Nílé wa, ìyẹn kì í ṣe oríyìn.

Kúyẹ̀ tẹ̀ lé e, ìwé tí J. F. Ọdúnjọ kọ lọ́dún 1964, Ọdúnjọ ti Aláwìíyé yẹn náà. Ọmọ òrukàn tó yadi, tó sì dití ni Kúyẹ̀, ìyà sì jẹ ẹ́. Màmá Àgbà sunkún. Gbogbo wa ló káàánú rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí, nítorí àánú máa ń pa ẹnu mọ́. A ò rí nǹkan bá Ọdúnjọ fà.

Ó Le Kú, ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974, jẹ́ ti Ìyá wa pátápátá. Ó ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání fi ṣe lọ́dún 1997 tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ṣáájú òǹkàwé, ó sì mú ìró àti bùbá olékú tirẹ̀ jáde láti inú àpótí láti fi han ọmọ ọmọ rẹ̀ pé òun náà ti lò ó rí. Ìṣọ̀lá mọ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń tanra wọn jẹ. Ìjíròrò rẹ̀ ń ṣàn, a lè pín in láàárín ara wa bí eré orí ìtàgé, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, ń wá ìyàwó láàárín ọmọbìnrin mẹ́ta. Ìyá wa fẹ́ràn ìwé náà, kò fẹ́ràn Àjàní. Ó ní, "Kì í ṣe ìyàwó lọ̀gbẹ́ni yìí ń wá, dígí ló ń wá." Ẹ lọ kà á padà pẹ̀lú gbólóhùn yẹn lọ́kàn, ẹ máa rí i pé ìwé náà yàtọ̀.

Ti Bàbá wa ni Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Òun náà jáde lọ́dún 1969, ọdún kan náà pẹ̀lú Lápàdé. Àwọn tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ló dá lé lórí, àwọn tí sísìn ti sú, tí wọn ò fẹ́ máa pa koríko bẹẹrẹ lọ́dọọdún fún ààfin mọ́. Ẹni tó bá ń kà á lónìí lè rò pé ìtàn àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Láti 1968 wọ 1969 ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn ń bá ìjọba fà á lórí owó orí, tí a ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà, tí Táfà Adéoyè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, tí wọ́n sì já ẹ̀wọ̀n Agodi láti tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. A ò sọ pé Fálétí ń kọ ìwé rẹ̀ nípa wọn, ó ṣeé ṣe kó ti kọ ọ́ tán kí ariwo tó sọ. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ rà á, wọ́n kà á sínú ariwo yẹn. Bàbá wa wà lára wọn. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, ó sì ní kò sí ẹni tó nílò kí tíṣà ṣàlàyé bẹẹrẹ fún òun.

Fálétí kò sọ àwọn ará oko di òmùgọ̀ tí akọni kan wá gbà sílẹ̀. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ń jiyàn láàárín ara wọn lórí bóyá ó tọ́ kí wọ́n kọ̀ tàbí kí wọ́n má kọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Ìyá wa, tó ń san owó kan tàbí òmíràn ní gbogbo ọjọ́ ọjà, dá òǹkàwé dúró níbẹ̀. "Bẹẹrẹ ṣì wà," ó ní, "owó ni wọ́n ń gbà báyìí." Ìjókòó ọjọ́ náà ò parí títí di aago mẹ́wàá.

Ẹ̀yìn ìyẹn la wá dé ibi ìwé tó ya gbogbo wa lẹ́nu jù, tí àwọn ọmọ kò sì sí níbẹ̀ (tàbí kí á sọ pé wọ́n ní àwọn ti sùn). Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Láti 1929 wọ 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin aṣẹ́wó kan tó ti darúgbó, tí àìsàn sì dá gúnlẹ̀, ń kọ sí olóòtú. Lẹ́yìn náà ló kó o jọ di ìwé lọ́dún 1930. Òun ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílé ìwé rí, àwa náà ò gbọ́ ọ. Karin Barber ló tún un tẹ̀ lọ́dún 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ló yá wa ní tiẹ̀.

Kí ọwọ́ wa tó tẹ̀ ẹ́, a wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ wa mọ wàhálà yìí: lẹ́tà bíi "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ó kéré tán ẹ̀yà méjì ni kọ̀ǹpútà máa lẹ̀ mọ́ra kó tó rí i kọ. Nítorí náà "ẹ́" tí ẹnì kan tẹ̀ lè má bá ti ẹlòmíràn mu nínú kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan náà ni lójú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wá ìwé Yorùbá kan kí ẹ má rí i, kó sì wà níbẹ̀. Ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Lẹ́tà kan la máa ń kà lálẹ́ kan, bí àwọn ará Èkó ìgbà náà ṣe ń dúró de ìwé ìròyìn. Àwọn tó ń kà á nígbà náà gbà pé ènìyàn gidi ni Sẹ̀gilọlá, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá kà á sókè ni ìdí rẹ̀ máa yé yín. Ó ń dárúkọ àdúgbò, ó ń kọ orin, ó ń da orin ìjọ mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń pe olóòtú, ó ń pe àwa tí à ń kà á. Gẹ̀ẹ́sì ń já wọ inú Yorùbá rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí wọ́n ń bá wí lórí Twitter pé ẹ̀ ń ba èdè jẹ́ nítorí ẹ fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì sí gbólóhùn, ẹ ní ìyá ńlá kan l'Ékòó láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Sẹ̀gilọlá náà ń wàásù, kódà ó ju Ìrágbéje lọ. Gbogbo lẹ́tà ló fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin pé kí wọ́n má ṣe bíi tòun. Kí ló wá dé tí oorun ò kùn wá? Nítorí pé ìwàásù rẹ̀ ń bá ìrántí rẹ̀ jà, ìrántí ló sì máa ń borí. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omijé, lẹ́yìn ìpínrọ̀ méjì ó ti ń sọ bí òun ṣe rẹwà tó, bí ọkùnrin ṣe ń tò sẹ́yìn òun. Ó ronú pìwà dà lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì ń jẹ adùn ẹ̀ṣẹ̀ náà lẹ́nu. Níbẹ̀ ni a ti máa ń kígbe mọ́ ọn, bí ẹni pé ó jókòó sí àárín wa.

Lálẹ́ kẹta, Màmá Àgbà béèrè pé ta ló kọ ọ́. A ní kó gbọ́ ìyókù ná. Ó gbọ́ díẹ̀ sí i, ó ní, "Ọkùnrin ló kọ eléyìí." A bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní obìnrin tó bá ń ṣàìsàn tó báyìí á ti dárúkọ ẹni tó ń bá a fọṣọ àti ẹni tó ń gbọ́únjẹ fún un, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ni eléyìí ń rántí ṣáá. A ti ka oríṣiríṣi àlàyé lórí ọgbọ́n tí Thomas fi fi ara pamọ́ sẹ́yìn Sẹ̀gilọlá, bó ṣe ń ṣe bí olóòtú tó kàn ń gba lẹ́tà. Màmá Àgbà ò ka ọ̀kankan nínú wọn. Síbẹ̀, a ò gbà pé ohun tó sọ pa ìwé náà. Thomas yá ohùn obìnrin lò, ó sì lò ó láti dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti fún un lẹ́nu, ẹnu náà kọjá agbára rẹ̀. Ìyàwó Kàkó ò rí ẹnu báyìí gbà.

Ìdí nìyẹn tí Ìyá àwọn ọmọ fi ní ìwé kan ṣì kù tí òun fẹ́ ká kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́: The Secret Lives of Baba Segi's Wives, ti Lọlá Shónẹ́yìn, tó jáde lọ́dún 2010. Kò jìnnà sí wa náà. Yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tí a ń wọ ọkọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ wa, ni Shónẹ́yìn ti gboyè. Bàbá Sẹ̀gi n'Ìbàdàn ní ìyàwó mẹ́ta, ó tún fẹ́ ẹ̀kẹrin, Bọ́láńlé, tó jáde yunifásítì. Ilé náà ní àṣírí, a ò sì ní tú u fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì kà á. Àwọn ìyàwó ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn.

Ìyá àwọn ọmọ ló ń kà á, ó ń wo Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ Yorùbá jáde. Ó fo àwọn ibì kan nítorí àwọn ọmọ, ó ní òun ń wá ojú ewé. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a rò pé ó sọ púpọ̀ nípa ìwé náà. Nígbà tí Ìyá Sẹ̀gi, Ìyá Tọ́pẹ́ tàbí Ìyá Fẹ́mi bá ń sọ̀rọ̀, ìtumọ̀ ń yọ́ bí òrí, bí ẹni pé Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́ kí Shónẹ́yìn tó yí i padà. Bó bá ti kan ìrònú Bọ́láńlé, ó dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń tún un sọ. Ọ̀mọ̀wé ilé náà ni ẹni tí Yorùbá ò gbà wọlé. A ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ó bá ìtàn náà mu: òun nìkan náà ni àjèjì nínú ilé Bàbá Sẹ̀gi. Ọmọ wa obìnrin, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn ní gbogbo ọjọ́ ayé, gbọ́ ọ, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè ní Yorùbá pé ṣé èyí túmọ̀ sí pé òun náà máa ṣòro túmọ̀. Kò sẹ́ni tó rí èsì gidi fún un.

Màmá Àgbà ní tirẹ̀ kò gbà rárá pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà. Ó ní kí wọ́n lọ wá ojúlówó rẹ̀ wá.

Ìbò tí a dì lóṣù kejìlá lọ báyìí. Màmá Àgbà mú Bàbá Sẹ̀gi. Ìyá wa, tí gbogbo wa rò pé Ó Le Kú ló máa mú, mú Sẹ̀gilọlá, ó ní òun ṣì ní ọ̀rọ̀ bá a sọ. Bàbá wa dúró ti Fálétí. Ọmọkùnrin wa mú Lápàdé láìronú. Ọ̀kan nínú àwa tọkọtaya gbè sẹ́yìn Màmá Àgbà, èkejì gbè sẹ́yìn Ìyá wa. Ọmọbìnrin wa mú Ògbójú Ọdẹ. A ní ṣé kì í ṣe ìwọ lo gbé ìwé yẹn sílẹ̀ nítorí Kàkó? Ó ní òun ni. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ apá ibi tí ìyàwó náà ò ti kú, tó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn wọ inú igbó, tí Kàkó ò mọ̀, àti pé òun ti kọ ojú ewé mẹ́rin. Ní Yorùbá ni, láìsí àmì ohùn. Bàbá wa ti mú bírò pupa jáde, a sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ọdún yìí ló kù tí a ò tíì fẹnu kò lé lórí. Bàbá wa fẹ́ Igbó Olódùmarè. Nínú ìwé mẹ́fà tó jẹ́ Yorùbá lára méje wa, kò sí ọ̀kan tí obìnrin kọ, àwọn obìnrin ilé sì ti ní irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ ìtàn àròsọ tí obìnrin fi Yorùbá kọ, tó gùn, tó ṣeé kà sókè, tí ọmọ ọdún 11 lè jókòó tì. Bí ẹ bá ní èyí tó dùn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kíákíá, torí Màmá Àgbà ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ ohùn ọdẹ kankan nínú pálọ̀ yẹn títí di oṣù kẹfà.